Wáyà bá ṣọ́ọ̀tì, báwo lẹ ṣe ń ṣírò impedance rẹ̀?

Oníná_Mọ́níyà

Ẹ̀yin ọ̀gá mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Iṣẹ́ kan wà lọ́wọ́ mi ní Mọ́níyà, n'Ìbàdàn. Ilé ìtajà ni, wọ́n sì fẹ́ ṣe yàrá òtútù fún ẹja sínú ẹ̀. Tíránsífọ́mà 500 kVA, 11/0.415 kV, wà létí títì níbẹ̀. 4% ni wọ́n kọ sára ẹ̀ níbi tí wọ́n kọ impedance (bó ṣe ń dènà iná tó) sí. Kébù kọ́pà 35 mm² ló máa gbé iná wọlé, ìrìn rẹ̀ á tó mítà 60. Ẹni tó ni ilé ti ra bírékà 6 kA (èyí tó lè já kọ́rẹ́ǹtì ṣọ́ọ̀tì tó tó 6,000 A láìbẹ́) sílẹ̀, ó ní ọ̀kan náà ni gbogbo wọn. Ọ̀gá kan tó yà síbẹ̀ ní 25 kA ló yẹ. Mi ò fẹ́ fẹnu lásán bá wọn jiyàn, ìṣirò ni mo fẹ́ gbé síwájú wọn. Ibo ni mo ti máa bẹ̀rẹ̀?

Ẹ̀gbọ́n_Oníná

Àbúrò, o káre tó o béèrè kó o tó so ó.

Ara 4% yẹn ni wàá ti bẹ̀rẹ̀. Ohun tó ń sọ ni pé bí wọ́n bá so ẹnu ìjáde tíránsífọ́mà pọ̀, tí wọ́n wá ń rọra gbé fólítì sókè lápá 11 kV, tó bá fi máa dé 4% fólítì rẹ̀, kọ́rẹ́ǹtì tó ń ṣàn á ti tó gbogbo ohun tí tíránsífọ́mà lè gbé. Láti sọ ọ́ di ohm, ìwọ mú 415 lọ́nà 415, pín in sí 500,000. Wàá rí 0.344 ohm. Mú 4% nínú ẹ̀: milliohm 13.8 ló kù sí ẹ lọ́wọ́.

Kọ́rẹ́ǹtì tí tíránsífọ́mà ń gbé tó bá kún jẹ́ 500,000 ÷ (1.732 × 415), ìyẹn 696 A. Pín 696 sí 0.04, ó di 17,400 A. 17.4 kA nìyẹn, òun ló lè ṣàn bí féèsì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá kanra ní ìdí tíránsífọ́mà gan-an. Ọ̀gá tó ní 25 kA mọ ohun tó ń sọ, ìdí tíránsífọ́mà ló fi ṣe ìwọ̀n tiẹ̀.

Kí kọ́rẹ́ǹtì yẹn tó dénú ilé, kébù á ti dín in kù. Kọ́pà 35 mm² tó tutù, ní 20°C, ní resistance (ìdènà ara wáyà fúnra ẹ̀) milliohm 0.524 lórí mítà kọ̀ọ̀kan. Ní mítà 60, 31.4 nìyẹn. Reactance rẹ̀ (ìdènà tó ń wá látinú agbára òòfà iná AC) kéré, nǹkan bí 0.08 lórí mítà, 4.8 lápapọ̀. Má lo resistance ti kébù gbígbóná fún irú ìṣirò yìí. Kébù tó tutù ló ń jẹ́ kí kọ́rẹ́ǹtì pọ̀ jù lọ, bẹ́ẹ̀ èyí tó pọ̀ jù lọ la fi ń yan agbára bírékà.

AkẹẹkọPoly

Ẹ kú iṣẹ́ sà. Mo ti bá wọn ṣe é níhìn-ín. Impedance kébù jẹ́ 31.8, ti tíránsífọ́mà 13.8, àpapọ̀ 45.6 milliohm. Fólítì féèsì kan jẹ́ 239.6. Tí mo pín in, mo rí 5.25 kA. Bírékà 6 kA ti tó nìyẹn, àbí bẹ́ẹ̀ kọ́?

Ẹ̀gbọ́n_Oníná

Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣì í nìyẹn. Resistance àti reactance kì í kọjú síbì kan náà, igun ọ̀tún ló wà láàárín wọn. Nítorí náà, R (resistance) la ń ro mọ́ R, X (reactance) mọ́ X, lẹ́yìn náà la máa wá fi ìlànà Pythagoras so wọ́n pọ̀. Ká ní load loss tíránsífọ́mà yẹn, ìyẹn agbára tó ń ṣòfò nínú ẹ̀ tó bá gbé ẹrù kún, jẹ́ 6 kW (ó wà nínú ìwé tí ilé iṣẹ́ tó ṣe é fi ránṣẹ́, béèrè fún un). 6 nínú 500 jẹ́ 1.2%, ìyẹn ni pé R rẹ̀ jẹ́ milliohm 4.1. X tó kù á jẹ́ 13.15.

R lápapọ̀: 4.1 + 31.4 = 35.5.
X lápapọ̀: 13.15 + 4.8 = 17.95.
Square wọn méjèèjì, rò wọ́n pọ̀, wá square root rẹ̀: 39.8 milliohm.
239.6 ÷ 0.0398 = 6.02 kA.

Wo ìyàtọ̀ yẹn dáadáa. Ìṣirò tìẹ ní kí wọ́n so bírékà 6 kA, èyí tó tọ́ ní kí wọ́n má so ó. Ìgbà tí tíránsífọ́mà bá ní X púpọ̀, tí kébù sì ní R púpọ̀, ni ríro Z (impedance) mọ́ Z máa ń tan èèyàn jù, ó sì máa ń fi kọ́rẹ́ǹtì hàn pé ó kéré. Bírékà tí kọ́rẹ́ǹtì bá ju agbára ẹ̀ lọ lè má ráyè ṣí, ó lè bẹ́, iná á sì máa jó nínú bọ́ọ̀dù.

Injection33

Mo fẹ́ fi ti ẹ̀yìn tíránsífọ́mà kún un. Ìṣirò ẹ̀gbọ́n wa gbà pé iná 11 kV tó ń bọ̀ kò ní ìdènà kankan. Ó ní in. Ká mú injection substation 33/11 kV (ibi tí wọ́n ti ń sọ iná 33 kV di 11 kV) tó ní tíránsífọ́mà 15 MVA, 10%. Mo máa ń fi gbogbo ẹ̀ sí per unit (ìdá ìwọ̀n kan tá a yàn) lórí 100 MVA, torí bí nǹkan bá ti wà ní per unit, èèyàn lè la tíránsífọ́mà kọjá láì tún máa yí ohm padà. 0.10 × 100 ÷ 15 jẹ́ 0.667. Bí fault level (agbára tó lè ya jáde nígbà ṣọ́ọ̀tì) lápá 33 kV bá jẹ́ 500 MVA, ìyẹn jẹ́ 0.2. Àpapọ̀ jẹ́ 0.867 (níbí, a lè rò wọ́n pọ̀ tààrà, torí X ló fẹ́rẹ̀ẹ́ gba gbogbo wọn). 100 ÷ 0.867 fún wa ní 115 MVA, nǹkan bí 6 kA lórí 11 kV.

Tá a bá gbé e wá sápá 415 V, 0.415 lọ́nà 0.415 ÷ 115, milliohm 1.5 ni. Fi kún X àbúrò wa, Z di 40.5, kọ́rẹ́ǹtì di 5.92 kA.

Àmọ́ ẹ má torí ìyẹn dá bírékà 6 kA padà síbẹ̀ o. IEC 60909, ìlànà àgbáyé fún ìṣirò ṣọ́ọ̀tì, ní ká fi voltage factor sọ kọ́rẹ́ǹtì tó pọ̀ jù di púpọ̀, 1.05 tàbí 1.10 lápá fólítì kékeré. 1.05 péré ti gbé e dé 6.2 kA. Compressor yàrá òtútù náà á máa ti kọ́rẹ́ǹtì díẹ̀ padà ní ìbẹ̀rẹ̀ gan-an. Bẹ́ẹ̀ ni kò sẹ́ni tó mọ ọjọ́ tí wọ́n máa gbé tíránsífọ́mà kejì sí injection yẹn, tí fault level á fi ga sí i. 10 kA nínú ilé, kí èyí tó wà ní ìdí tíránsífọ́mà jẹ́ 25 kA.

Oníná_Mọ́níyà

Ẹ ṣé gan-an. Mo ti kọ gbogbo ẹ̀ sínú ìwé. Máa gbé e lọ bá oníbàárà lọ́la.

ÌyáOníná_Ọ̀ṣun

Ẹ dúró ná, iṣẹ́ ò tíì parí. Ohun tí ẹ ti ṣírò ni ọ̀nà tó kúrú jù, tí kọ́rẹ́ǹtì pọ̀ jù. Ó dára, ó ń dáàbò bo bọ́ọ̀dù. Èyí tó ń dáàbò bo èèyàn ni òdìkejì rẹ̀: ọ̀nà tó gùn jù, tí kọ́rẹ́ǹtì kéré jù, nígbà tí féèsì bá kan ara irin fírísà. Kọ́rẹ́ǹtì yẹn gbọ́dọ̀ rìn yípo padà dé tíránsífọ́mà. Àbúrò mi, báwo ni áàtì ilé yẹn ṣe wà? Ṣé wáyà áàtì wá láti ìdí tíránsífọ́mà, àbí ọ̀pá ni wọ́n máa gbà mọ́lẹ̀ lẹ́yìnkùlé?

Oníná_Mọ́níyà

Ọ̀pá ni, mà. Ẹsẹ̀ mẹ́rin, wọ́n ti gbà á mọ́lẹ̀ kí n tó débẹ̀. Wáyà mẹ́rin péré ló ń bọ̀ láti ìta: féèsì mẹ́ta àti níútírà. Ẹ gbọ́ o, ṣọ́ọ̀bù tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀, tó wà lórí láìnì kan náà, mo rí i pé ìyá tó ń ta ẹja níbẹ̀ máa ń fi aṣọ ìnura wé ọwọ́ kó tó ṣí fírísà rẹ̀, pátákó ló sì gbé síwájú rẹ̀ tó ń dúró lé. Ó ní iná fírísà yẹn máa ń gbé òun tí ilẹ̀ bá tutù.

ÌyáOníná_Ọ̀ṣun

Ọmọ mi, padà lọ sọ́dọ̀ ìyá yẹn lónìí, kí wọ́n yọ fírísà yẹn kúrò lára iná. Máa ka èyí lẹ́yìn tó o bá ti dé.

Wo ìdí ẹ̀. Ọ̀pá ẹsẹ̀ mẹ́rin jẹ́ mítà 1.2. Ká ní ó nípọn tó mílímítà 16, kí resistivity ilẹ̀ jẹ́ 100 ohm-mítà. Ìlànà ọ̀pá kan ni R = ρ ÷ (2πL) × (ln(8L/d) − 1): ρ ni resistivity ilẹ̀, L ni gígùn ọ̀pá, d ni bó ṣe nípọn tó. Tó o bá kì í, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 72 ohm. Àwọn milliohm tẹ́ ẹ ti ń kà látàárọ̀ kò já mọ́ nǹkankan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyẹn. Fi áàtì tíránsífọ́mà kún un, ká ní 2 ohm, ó di 74. 230 ÷ 74 jẹ́ nǹkan bí 3.1 A.

3 A! Bírékà 32 A kò ní mọ̀ pé nǹkankan ń ṣẹlẹ̀. Fíúsì òkè òpó kò ní mọ̀. Ara fírísà á sì dúró sórí nǹkan bí 224 V, torí ọ̀pá ilé ló gba èyí tó pọ̀ jù nínú ìdènà yẹn, fólítì náà á sì jókòó síbẹ̀. Á máa wà bẹ́ẹ̀ tọ̀sán-tòru títí ẹnì kan tó rìn láìwọ bàtà lórí ilẹ̀ tútù á fi dì í mú.

Nílé tó bá jẹ́ ọ̀pá tirẹ̀ nìkan ló ní, bírékà kì í ṣe ohun tá a fi ń dáàbò bo èèyàn lọ́wọ́ áàtì. RCCB 30 mA ni, ìyẹn bírékà tó máa ń bọ́ (já iná) bí kọ́rẹ́ǹtì tó tó 30 mA bá ń jò lọ sílẹ̀. Ìlànà ẹ̀ rọrùn: resistance ọ̀pá lọ́nà kọ́rẹ́ǹtì tí RCCB fi ń bọ́ kò gbọdọ̀ ju 50 V lọ. 50 ÷ 0.03 jẹ́ 1,667 ohm, nítorí náà ọ̀pá 72 ohm ṣì wọlé. Ṣùgbọ́n má jẹ́ kó ju 200 lọ láé, torí ilẹ̀ tó tutù lóṣù kẹsàn-án máa ń gbẹ kankan nígbà ọyẹ́, resistance ẹ̀ á sì ga.

Bọ̀dá_Wáyà

Kí ló dé tí ẹ fi ń ná owó RCCB? Ẹ gbẹ́ ihò, ẹ da iyọ̀ àti èédú sídìí ọ̀pá, ẹ máa bomi rin ín. Á wálẹ̀ sí 5 ohm. Tí kò bá wálẹ̀, ẹ so áàtì mọ́ níútírà nínú bọ́ọ̀dù, bírékà á máa bọ́ wẹ́rẹ́.

Ẹ̀gbọ́n_Oníná

Bọ̀dá, mo bọ̀wọ̀ fún yín, ṣùgbọ́n mi ò ní jẹ́ kí àbúrò wa gbé èyí lọ sẹ́nu iṣẹ́.

Ẹ jẹ́ ká gbà pé ó di 5 ohm. Fi 2 ti tíránsífọ́mà kún un, 7. 230 ÷ 7 jẹ́ 32.9 A. Ìlànà IEC 60898 ní bírékà kò gbọdọ̀ bọ́ láàárín wákàtí kan bí kọ́rẹ́ǹtì kò bá ju ìlọ́po 1.13 ti ara ẹ̀ lọ. Fún bírékà 32 A, 36 A nìyẹn. Nítorí náà pẹ̀lú ọ̀pá 5 ohm tẹ́ ẹ fi iyọ̀ sí, bírékà 32 A á ṣì jókòó pa, ara irin á sì wà lórí fólítì tó ju 160 lọ. Iyọ̀ yẹn náà kì í pẹ́: òjò á fọ̀ ọ́ lọ, á sì ti jẹ ọ̀pá. Bẹ́ ẹ bá fẹ́ kó wálẹ̀, ẹ gba ọ̀pá tó gùn mọ́lẹ̀. Nínú ilẹ̀ kan náà, ọ̀pá mítà 2.4 á fún yín ní 40 ohm dípò 72. Ẹ gbá méjì, kí àlàfo tó wà láàárín wọn tó gígùn ọ̀pá kan ó kéré tán, ẹ máa súnmọ́ 20.

Ti níútírà yẹn ló bà mí lẹ́rù jù. Lọ́jọ́ tí wáyà níútírà bá já lórí òpó, gbogbo kọ́rẹ́ǹtì tó fẹ́ padà sí tíránsífọ́mà á gba ara áàtì ilé náà. Ara fíríìjì, fáànù onírin, ẹ̀rọ ìfọṣọ, páìpù omi, gbogbo wọn á dìde lẹ́ẹ̀kan náà láìsí pé nǹkankan bàjẹ́ nínú ilé. A sì mọ bí níútírà ṣe máa ń já tó nígbà ìjì. Ẹni tó ni láìnì nìkan ló lè pinnu pé níútírà òun máa ṣe áàtì fún ilé, òun náà á sì ti gbá áàtì sí i lọ́pọ̀ ibi lójú ọ̀nà.

Injection33

Mo fara mọ́ ẹ̀gbọ́n. Ẹ jẹ́ n gbé ọ̀rọ̀ kan náà gòkè lọ sórí láìnì 11 kV, torí ó ń pa èèyàn ju bá a ṣe rò lọ.

Bí féèsì kan bá kanlẹ̀, ìlànà tá a ń lò wá láti inú iṣẹ́ Charles Fortescue lọ́dún 1918, symmetrical components: kọ́rẹ́ǹtì = 3V ÷ (Z1 + Z2 + Z0 + 3Zf). V ni fólítì féèsì kan, Z1, Z2 àti Z0 ni ìdènà láìnì àti orísun iná, Zf ni ìdènà ibi tí wáyà ti kan ilẹ̀ gan-an. Ẹ kíyè sí 3 tó wà níwájú ẹ̀, ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ máa ń gbàgbé ẹ̀. Nígbà tí wáyà bá kan òpó onírin tó ní áàtì tó dára, Zf kéré, kọ́rẹ́ǹtì á pọ̀, relay (ẹ̀rọ tó ń ṣọ́ kọ́rẹ́ǹtì) á já a.

Ṣùgbọ́n tí wáyà bá já, tó bọ́ sórí ilẹ̀ pupa gbígbẹ tàbí títì ọ̀dà ńkọ́? Zf lè tó 200 ohm, ó lè jù bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa. Z1, Z2 àti Z0 jẹ́ ohm díẹ̀ péré, nítorí náà Zf ló máa pàṣẹ. 6,351 V ÷ 200 jẹ́ nǹkan bí 32 A. Bí wọ́n bá ti ṣètò earth fault relay sí 20% lórí CT (ẹ̀rọ tó ń wọn kọ́rẹ́ǹtì fún relay) 400 A, 80 A ló ń dúró dè. 32 A kò ní jí i. Lójú ẹni tó wà nínú substation, ó dà bíi pé àwọn oníbàárà tan ẹ̀rọ díẹ̀ sí i ni. Wáyà yẹn á wà nílẹ̀, kò ní ta pàrà, kò ní dún, iná sì wà nínú ẹ̀. Bí ẹ bá rí wáyà nílẹ̀, ẹ má wo bóyá ó ń tanná. Ẹ jìnnà sí i, ẹ lé ọmọdé kúrò níbẹ̀, ẹ pe iléeṣẹ́ iná. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ṣètò relay, sensitive earth fault, ètò tó ń rí kọ́rẹ́ǹtì kékeré, wà fún irú èyí.

Sólà_Lékàn

Ẹ̀yin ọ̀gá, ẹ má gbàgbé ínfátà àti jẹnẹrétọ̀ o. Gbogbo impedance tẹ́ ẹ ṣírò yẹn, ti iná ìjọba ni. Bí wọ́n bá yí i sórí jẹnẹrétọ̀ 100 kVA, ọ̀rọ̀ yí padà. 139 A ló ń gbé tó bá kún. Bí X″d rẹ̀ (reactance rẹ̀ lójú ẹsẹ̀ tí ṣọ́ọ̀tì bá ṣẹlẹ̀) bá jẹ́ 12%, 1,159 A ló máa kọ́kọ́ jáde, kí ojú tó ṣẹ́ á ti máa lọọlẹ̀. Lórí ínfátà 5 kVA ó tún burú sí i: 21.7 A ni agbára rẹ̀, àwọn transistor inú rẹ̀ kì í sì í jẹ́ kó ju ìlọ́po méjì tàbí bẹ́ẹ̀ lọ kó tó pa ara ẹ̀. Bírékà C20 (20 A, irú C) lè nílò tó 200 A kó tó bọ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Ibo ni ínfátà máa ti rí i?

Ẹ sì wo bóyá níútírà ínfátà so mọ́ áàtì nígbà tó bá ń fi bátìrì ṣiṣẹ́. Bí kò bá so, kọ́rẹ́ǹtì tó ń jò kò ní ọ̀nà ìpadà, RCCB kò sì ní rí nǹkankan. Ẹ ka ìwé ínfátà yẹn kẹ́ ẹ tó so ó.

Ẹ̀gbọ́n_Oníná

O ṣeun, Lékàn. Ní kúkúrú, ẹ̀ẹ̀mẹta là ń ṣe é: iná ìjọba, jẹnẹrétọ̀, ínfátà.

AkẹẹkọPoly

Ẹ jọ̀ọ́, ṣé a lè fi mẹ́gà wọn impedance yìí dípò ìṣirò? Mítà ọwọ́ ni mo ní.

ÌyáOníná_Ọ̀ṣun

Rárá o. Mẹ́gà tá a fi ń dán insulation wò kò lè wọn ọ̀nà yìí, mítà ọwọ́ kò sì gbọdọ̀ dé ibẹ̀ rárá, torí iná wà nínú wáyà nígbà tá a bá ń wọn ọ́n. Loop tester ni, èyí tó ń wọn ìdènà ọ̀nà ìyípo náà. Kí ẹ tẹ bọ́tìnnì tí kì í jẹ́ kí RCCB bọ́, tàbí kí ẹ wọn ọ́n ṣáájú RCCB. Ọ̀pá áàtì ní tirẹ̀, earth tester olópòó mẹ́ta la fi ń wọn ọ́n: ẹ já ọ̀pá kúrò lára ilé, ẹ gbá òpó kékeré kan jìnnà, kí ẹ gbá ìkejì sí nǹkan bí 62% ìrìn yẹn.

Níbi tí wáyà áàtì bá ti wá láti ìdí tíránsífọ́mà, BS 7671, ìlànà iná ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fún bírékà B32 ní 1.37 ohm ó pọ̀ jù, 0.68 fún C32. Ìwọ̀n wáyà gbígbóná nìyẹn. Tẹ́ ẹ bá wọn ọ́n nígbà tó tutù, kó má ju 80% rẹ̀ lọ, nǹkan bí 1.1 fún B32.

Oníná_Mọ́níyà

Ẹ ṣé, ẹ̀yin àgbà. Mo ti lọ bá ìyá yẹn. Wọ́n ti yọ fírísà náà. Inú ẹ̀ ni wáyà compressor ti bó, ó ń fara kan irin, ọ̀pá áàtì ṣọ́ọ̀bù yẹn sì ti já kúrò lára wáyà rẹ̀ pátápátá. Fún iṣẹ́ tèmi, oníbàárà ti gbà láti pààrọ̀ bírékà sí 10 kA, mo sì máa gbá ọ̀pá mítà 2.4 méjì. Ó kù kan: RCCB mélòó ni kí n fi síbẹ̀? Ó ń bẹ̀rù pé bí ọ̀kan bá bọ́ lóru, ẹja òun á bàjẹ́.

ÌyáOníná_Ọ̀ṣun

Ọlọ́run á bá wa ṣọ́ ìyá yẹn. Ó tọ́ kó bẹ̀rù fún ẹja, má fi ọ̀kan ṣoṣo sójú gbogbo rẹ̀. Níwájú, fi RCCB 100 mA tó ní àmì S, èyí tó máa ń dúró díẹ̀ kó tó bọ́. Ọ̀pá rẹ tó súnmọ́ 20 ohm wọlé dáadáa, torí 500 ohm ni òpin tirẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀, 30 mA fún sọ́kẹ́ẹ̀tì ọ̀tọ̀, 30 mA fún yàrá òtútù lọ́tọ̀. Bẹ́ẹ̀, kẹ́tù tó bá ń jò níwájú ṣọ́ọ̀bù kò ní pa compressor. Máa tẹ bọ́tìnnì T rẹ̀ kí wọ́n rí i pé ó ń bọ́, kó o sì kọ́ ẹni tó ń ṣí ṣọ́ọ̀bù náà láti máa tẹ̀ ẹ́. Bí iṣẹ́ bá ti parí, jẹ́ kí àwọn NEMSA (iléeṣẹ́ ìjọba tó ń yẹ iṣẹ́ iná wò) wá yẹ̀ ẹ́ wò kí iná tó wọlé. Kó o kó ìwé ìṣirò yẹn dání dè wọ́n.